Gíríìn káàdì lọ́wọ́, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà níwájú: ọ̀nà mẹ́rin, owó oṣù wọn, àjẹmọ́nú wọn àti owó ìfẹ̀yìntì wọn

Láàárín ọdún 2009 sí 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI gba àwọn tí kò tíì ní gíríìn káàdì sínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ètò yẹn ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lónìí gbọ́dọ̀ ní gíríìn káàdì tàbí kó ti di ọmọ onílùú. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé nígbà náà ti di sájẹ́ǹtì, àwọn mìíràn ti di ọ́físà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló sì ń mú kí àwọn àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa béèrè pé, "Èló gan-an ni wọ́n ń san?"

Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Owó oṣù ológun Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun àṣírí. Ọdọọdún ni ìjọba ń gbé tábìlì rẹ̀ síta, ipò àti iye ọdún tí èèyàn ti lò ló sì ń pinnu rẹ̀: ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Texas tí ipò wọn àti ọdún wọn bá dọ́gba, iye kan náà ni wọn yóò gbà. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ọdún mélòó lẹ lè lò níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó máa lo ọdún mẹ́rin àti ẹni tó máa lo ogún ọdún kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, bí rikurútà, ẹni tó ń gba èèyàn sí iṣẹ́ ológun, tiẹ̀ fi ìwé kan náà síwájú àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo gbé lé òṣùwọ̀n: ọmọ ogun alákòókò kíkún, ọ́físà alákòókò kíkún, Army Reserve àti National Guard, tí àwọn méjèèjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti alákòókò díẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, ìyẹn Army, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ló tóbi jù, tábìlì owó oṣù kan náà ni àwọn tó wà lórí omi àti ní òfuurufú sì ń lò. Mo wo bí pépà èèyàn ṣe lè tètè di ti ọmọ onílùú, iye tó ń wọ ọwọ́ lóṣooṣù, ìtọ́jú ìlera ìdílé, owó ìfẹ̀yìntì, àti bí iṣẹ́ náà ṣe máa da ìgbé ayé èèyàn rú tó. Mo gbé ìwọ̀n tó wúwo lé méjì tó gbẹ̀yìn, nítorí pé àwọn ni èèyàn kì í rò títí ọdún fi lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé owó oṣù kan wò

Ìwé tí wọ́n ń pè ní LES ni ológun fi ń mọ ohun tó wọlé fún un. Òpó mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀: Entitlements, ìyẹn ohun tó tọ́ sí i, Deductions, ohun tí wọ́n yọ, àti Allotments, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ká mú ọmọ ogun kan tó ní dìgírì, tí wọ́n torí ìyẹn gbà wọlé ní ipò E-4 tí wọ́n ń pè ní Specialist, tí kò sì tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 tí wọ́n fi àfikún pàtàkì kún owó àwọn tó wà nísàlẹ̀, owó oṣù rẹ̀ gangan di bíi dọ́là 3,027. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí BAS, owó oúnjẹ, tó jẹ́ dọ́là 465.77 lọ́dún 2025. Lábẹ́ ìyẹn ni BAH, owó ilé, tó ń tẹ̀ lé ipò, ìlú tí wọ́n gbé e lọ, àti bóyá ó ní ìdílé tàbí kò ní. Owó orí kì í kan owó oúnjẹ àti owó ilé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi owó yìí wé ti iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tàbí ti ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rántí pé odindi ni méjèèjì ń dé ọwọ́.

Ní òpó kejì, ẹ ó rí owó orí, owó Social Security (owó àgbà) àti Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà), owó adíyelófò ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní SGLI, tó lè san tó dọ́là 500,000 fún ẹni tí ológun bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti sẹ́ńtì 50 péré tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù fún ilé ìtọ́jú àwọn ológun tó ti dàgbà. Mo fẹ́ràn sẹ́ńtì 50 yẹn, ó jọ owó ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá wa máa ń dá nílé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: àpọ́n tó wà ní E-4 kì í sábà rí BAH gbà rárá, nítorí pé báráàkì ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n sì máa ń yọ owó oúnjẹ ilé ìjẹun lára BAS rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ìyàwó àti ọmọ, tí ipò wọn jọ dọ́gba, lè máa gba ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ lé e lóṣooṣù ní ìlú tí ilé ti wọ́n. Ẹni tó bá sì ti gbéyàwó nílé kó tó wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fọ́tò ìdána, bó ti wù kí gèlè pọ̀ tó níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ìgbéyàwó tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù àti ìwé ìbí àwọn ọmọ ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó kọ ìdílé náà sínú àkọsílẹ̀ DEERS, orí àkọsílẹ̀ yìí sì ni owó ilé ti ìdílé àti káàdì ìlera ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àwọn ìwé yìí kí ẹ tó búra.

Ọ̀nà kìíní: ọmọ ogun alákòókò kíkún

Ọ̀nà yìí ló ṣí sílẹ̀ jù fún ẹni tó ní gíríìn káàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iṣẹ́ tó jẹ mọ́ àṣírí ìjọba kò ní ṣeé yàn títí yóò fi di ọmọ onílùú. Ẹni tí kò ní dìgírì lè bẹ̀rẹ̀ láti E-1, ipò ìsàlẹ̀ pátápátá, tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ bíi dọ́là 2,319 lọ́dún 2025. Ìtọ́jú ìlera òun àti ìdílé rẹ̀ lábẹ́ TRICARE Prime, ètò ìlera àwọn ológun, kò ní owó ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ 30 ni ìsinmi rẹ̀ lọ́dún, owó rẹ̀ sì ń lọ geere ní gbogbo ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá rán an lọ sí ibi eléwu, dọ́là 225 tún wà lóṣù fún ìyẹn, iye kan náà fún ọmọ ogun kékeré àti fún ọ̀gágun.

Ní ti pépà, òfin tó wà fún àkókò ogun ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001: ológun lè béèrè láti di ọmọ onílùú láìdúró de ọdún márùn-ún tí àwọn tó kù ń dúró dè, kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ìwé N-400 tí wọ́n fi ń béèrè fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí ìwé N-426 láti jẹ́rìí pé ó ń sìn dáadáa. Ohun tí wọn kì í sọ sókè ni pé bí wọ́n bá lé e kúrò pẹ̀lú orúkọ burúkú kó tó lo àpapọ̀ ọdún márùn-ún, ìjọba lè gba jíjẹ́ ọmọ onílùú náà padà.

Ó wá ku owó ìfẹ̀yìntì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ti wà lábẹ́ ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní BRS. Wọn á mú oṣù 36 tí owó oṣù èèyàn ga jù, wọn á wá ìpíndọ́gba rẹ̀, wọn á fún un ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò. Ogún ọdún jẹ́ ìdá 40. Lábẹ́ ètò àtijọ́, ìdá 2.5 ni, ogún ọdún sì jẹ́ ìdá 50, ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n tó gba MAVNI wọlé lọ́dún 2010 fi lè ṣi àbúrò rẹ̀ lọ́nà, àyàfi bí ẹ̀gbọ́n náà bá wà lára àwọn tó yàn láti bọ́ sínú ètò tuntun nígbà tí wọ́n fún wọn láǹfààní. Ẹ sì fi ọkàn sí i pé owó oṣù gangan nìkan ni wọ́n ń ṣírò. Owó ilé àti owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ná àpapọ̀ mẹ́ta máa rí i pé ìdá 40 tí wọ́n ń wí kéré sí ìdá 40 ohun tó ń ná.

Bí ìpíndọ́gba sájẹ́ǹtì kan bá jẹ́ dọ́là 5,000, dọ́là 2,000 lóṣù ló máa máa gbà lẹ́yìn ogún ọdún, láti ọjọ́ tó bá ti bọ́ aṣọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 42. Wọ́n á máa fi kún un bí ọjà bá ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá kúrò ní ọdún 19 láìjẹ́ pé àìsàn ló lé e kúrò kò ní rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ nígbà tó ń polówó ètò tuntun pé bí ẹni márùn-ún bá wọlé, bíi mẹ́rin nínú wọn ń kúrò láì rí owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù.

Nítorí àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe mú TSP wọnú ètò náà. TSP, àpò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì, jọ àjọ tí alájọ fúnra rẹ̀ ń bá èèyàn dá. Lẹ́yìn ọjọ́ 60, ìjọba á máa fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí i, ì báà ṣe pé ológun dá tàbí kò dá. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí òun náà bá ń dá ìdá 5, ti ìjọba yóò di ìdá 5. Bí a bá fi owó oṣù E-4 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣírò, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 151 láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti dọ́là 151 mìíràn láti ọ̀dọ̀ ìjọba lóṣooṣù. Owó náà di tirẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ọdún méjì, á sì bá a lọ bó bá kúrò. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dín tirẹ̀ kù sí ìdá 1 nítorí owó mọ́tò. Lórí owó oṣù E-4 yẹn, bíi dọ́là 91 tó yẹ kí ìjọba máa fi kún un lóṣù ló fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kọ́ ni èrè kejì fún ẹni tí kò ní pẹ́. Oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́ kíkún ló ń fún èèyàn ní odindi Post-9/11 GI Bill, tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù 36. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́fà, tó sì gbà láti lo mẹ́rin sí i, lè gbé e fún ìyàwó tàbí ọmọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló máa lọ. Ìyàwó tó ń ṣe nọ́ọ̀sì á fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ á pààrọ̀ ilé ìwé, wọ́n á tún ṣe é lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí ìwé àdéhùn bá sì tiẹ̀ kọ ọdún mẹ́rin, àpapọ̀ ọdún mẹ́jọ ni òfin de èèyàn mọ́; èyí tó kù, orí àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n lè pè padà ló ti máa lò ó.

Ọ̀nà kejì: ọ́físà alákòókò kíkún

Dìgírì àti jíjẹ́ ọmọ onílùú ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yìí. O-1, ìyẹn Second Lieutenant, ń gba bíi dọ́là 3,998 lóṣù lọ́dún 2025, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹgbẹ̀rún dọ́là ju E-4 lọ, àlàfo náà á sì máa fẹ̀ sí i bí ipò bá ṣe ń gòkè. Owó oúnjẹ rẹ̀ kéré ju ti ọmọ ogun lọ, dọ́là 320.78 lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n owó ilé rẹ̀ ga ju ti ọmọ ogun kékeré lọ. Ìdá tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì kò yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí ló tóbi.

Kò wá dúró gbọin-gbọin tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ọ́físà tí wọ́n bá fò lẹ́ẹ̀mejì nígbà ìgbéga ipò lè rí i pé wọ́n ní kó máa lọ, kó tó pé ogún ọdún.

Fún ẹni tó ní dìgírì àti gíríìn káàdì, èrò tèmi ni pé bí ọdún kan péré ló kù kó di ọmọ onílùú fúnra rẹ̀, kó dúró. Bí ó bá ku ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó wọlé ní E-4, kó gba pépà rẹ̀ níbẹ̀, kó wá kọ̀wé sí OCS ní Fort Benning ní Georgia, níbi tí ẹ̀kọ́ ọ́físà ti ń gba ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn ọdún tó lò ṣáájú kò ní ṣòfò, nítorí pé wọ́n ń kà á mọ́ ogún ọdún ìfẹ̀yìntì, tó bá sì ti ju ọdún mẹ́rin lọ, orí ìlà O-1E ni wọn yóò ti máa sanwó fún un, ìlà yẹn sì ga ju O-1 lásán lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti di ọmọ onílùú kò nílò gbogbo ìrìn àjò yìí. Ọ̀nà wà fún wọn láti wọlé tààrà gẹ́gẹ́ bí ọ́físà.

Ọ̀nà kẹta: Army Reserve

Ẹni tó ní iṣẹ́, ilé àti ọmọ níbi kan, tí kò sì fẹ́ kó ẹrù, ni Reserve bá mu. Ìparí ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni wọ́n ń béèrè. Ìparí ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ìgbà mẹ́rin lójú ìṣirò wọn, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgbọ̀n owó oṣù. Fún E-4, lórí owó ọdún 2025, ìyẹn jẹ́ bíi dọ́là 404 lóṣù. Pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì náà, gbogbo ọdún kò ju bíi dọ́là 6,250 lọ. Owó yìí nìkan kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ lá òógùn.

Ìlera ló máa ń mú kí n gbà á níyànjú. TRICARE Reserve Select fún odindi ìdílé jẹ́ bíi dọ́là 274 lóṣù lọ́dún 2025, fún ológun nìkan ó jẹ́ bíi dọ́là 54. Ẹni tó ń wa Uber, tó ní ilé ìtajà tirẹ̀, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ kì í bá a san owó ìlera, kó fi iye yẹn wé ohun tó ń san báyìí. Òfin USERRA sì ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá pè é lọ, fún àpapọ̀ ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan. Pípè náà kì í ṣe àròsọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé pẹ̀lú èrò pé Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni.

Owó ìfẹ̀yìntì Reserve ni mo rò pé àwọn èèyàn mọ̀ kéré jù. Ọdún kan kò ní kà àfi tí èèyàn bá kó máàkì tí kò dín ní 50 jọ nínú rẹ̀: 15 fún wíwà nínú ẹgbẹ́, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́ kíkún. Ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ pé láìsí ìpè á kó bíi 77 lọ́dún. Ní ogún ọdún, ìyẹn jẹ́ 1,540. Wọn á pín in sí 360, á di ọdún 4.3 péré. Lórí dọ́là 5,000 kan náà tí a fi ṣírò fún sájẹ́ǹtì alákòókò kíkún, owó rẹ̀ máa jẹ́ bíi dọ́là 428 lóṣù, ọmọ ọgọ́ta ọdún ló sì máa tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Bí wọ́n bá ti pè é lọ ṣe iṣẹ́ kíkún, ọjọ́ 90 kọ̀ọ̀kan tó bófin mu lè yọ oṣù mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí yẹn, àmọ́ kò ní wá sísàlẹ̀ 50. Dọ́là 2,000 lọ́mọ ọdún 42 ní ẹ̀gbẹ́ kan, dọ́là 428 lọ́mọ ọgọ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kejì: iye ọdún kan náà, ipò kan náà.

Ọ̀nà kẹrin: National Guard

Owó rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti máàkì rẹ̀ jọ ti Reserve. Ìyàtọ̀ ni pé gómìnà ìpínlẹ̀ náà lè pè wọ́n jáde, nígbà ìjì tàbí omíyalé, àti pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń bá wọn san owó yunifásítì ìjọba. Ẹ béèrè ohun tí ìpínlẹ̀ tiyín ń san gan-an, nítorí pé wọn kò dọ́gba. Ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ bá fi owó ara rẹ̀ pè yín jáde kì í mú máàkì ìfẹ̀yìntì wá.

Ibì kan wà tí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ipò gbogbo ti dọ́gba, òun sì ni ti ìpalára. Owó tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àwọn tó ti ṣe ológun, ń san fún ẹni tí iṣẹ́ náà ṣe léṣe, bí ìpalára náà ṣe tó àti iye ìdílé ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọn kì í wo ipò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi eékún tó ń dun òun pamọ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé dókítà ológun máa ń ṣòro láti fi hàn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ta ni kó yan èwo?

Àpọ́n tí kò tíì pé ọdún 25, tó ní gíríìn káàdì, tí kò sì tíì mọ ohun tó fẹ́ kọ́, kó lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ kíkún, kó máa dá ìdá 5 sí TSP láti ìbẹ̀rẹ̀, kó gba pépà àti GI Bill, kó wá pinnu bóyá òun fẹ́ dúró. Ẹni tó ti lo ọdún 12 tó ń rò ó pé kí òun kúrò, kó tún rò ó dáadáa, nítorí pé ọdún mẹ́jọ tó kù ló gbé gbogbo owó ìfẹ̀yìntì náà dání.

Ọmọ onílùú tó ní dìgírì kò ní ìdí láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí owó ìlera ìdílé sì ń ga á lára, Reserve ni kó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, kó lọ sí Guard.

Ẹni tó ní i lọ́kàn láti fẹ̀yìn tì kó padà sí Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú ni kó yan iṣẹ́ kíkún, kó sì ṣe ogún ọdún rẹ̀ pé, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì náà kò ní dúró nítorí pé ó ti kúrò ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bó bá pé ọmọ ọdún 65, Medicare kò ní san owó ilé ìwòsàn fún un ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ máa san owó Medicare Part B lóṣooṣù kí TRICARE For Life, tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, má bàa já mọ́ ọn lọ́wọ́.